Mo lè rán aṣọ di ìdájí fún kọ́sítọ́mà, àmọ́ mi ò lè kàwé fún ara mi

Aránṣọ Mọ́kọ́lá:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ó pẹ́ tí mo ti ń yọjú wo ọ̀rọ̀ yín níbí láìdá sí i, àmọ́ lónìí mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Iṣẹ́ aṣọ ni mò ń ṣe ní Mọ́kọ́lá, n'Íbàdàn. Ọmọ ọdún 27 ni mí, mo sì ti bímọ kan. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló wù mí láti kékeré. Nígbà tí èsì WAEC mi jáde, D7 ni mo gbà nínú Kẹ́mísírì, E8 nínú Ìṣirò. Owó lẹ́sìnnì ò sí nílé, ni wọ́n bá fi mí síṣẹ́ ọwọ́. Mi ò bú iṣẹ́ náà o, òun ló ń bọ́ èmi àti ọmọ mi. Àmọ́ tí mo bá kọjá níwájú ọsibítù, tí mo rí àwọn ọmọdébìnrin tó wọ funfun, ara mi kì í gbà á.

Ọdún mẹ́ta rèé tí mo ti ń sọ pé màá tún GCE ṣe, kí n wá ṣe JAMB. Lọ́dún àkọ́kọ́, mo ra ìwé tó kún báàgì, mo sì kà á fún ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko. Lọ́dún kejì, mo san owó lẹ́sìnnì oṣù mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀mẹrin péré ni mo lọ. Lọ́dún tó kọjá, mo gba fọ́ọ̀mù, mo sì jókòó ṣe ìdánwò ọ̀hún. Ẹ má bi mí ní èsì Ìṣirò.

Bó ṣe máa ń lọ rèé. Aago méje alẹ́ ni mo máa ń ti ṣọ́ọ̀bù. Tí mo bá ti dáná tán, tí ọmọ ti sùn, aago mẹ́sàn-án ti kọjá. Màá gbé ìwé síwájú. Màá ní kí n kàn fi ìṣẹ́jú márùn-ún wo TikTok, kára lè tù mí. Ìgbà tí màá fi gbójú sókè, aago méjìlá ti lù, ojú mi ti pọ́n, èmi fúnra mi ni inú á wá máa bí mi sí. Tí mo bá ti fo ọjọ́ méjì báyẹn, màá ní ó ti bàjẹ́ nìyẹn, kí n dúró di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù, kí n tún un bẹ̀rẹ̀ dáadáa.

Èyí tó ń yà mí lẹ́nu ni pé ọ̀lẹ kọ́ ni mí. Tí kọ́sítọ́mà bá ní òun ń lọ òde lọ́jọ́ Sátidé, mo lè jókòó sídìí ẹ̀rọ di aago mẹ́rin ìdájí láìfojú kan oorun. Kí ló dé tí mo lè ṣe é fún ẹlòmíì, tí mi ò lè ṣe é fún ara mi? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti borí irú ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ ṣe?

Àkànní Wẹ́dà:
Ọkàn ni gbogbo ẹ̀, àǹtí. Ẹ kàn pinnu. Bí mo ṣe jáwọ́ nínú sìgá nìyẹn. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni mo jù ú nù, ó parí.

Ẹ̀rín Kèékèé:
Ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko kẹ̀! Ẹ gbìyànjú o. Èmi tí mo búra pé mi ò ní jẹ búrẹ́dì lóṣù yìí, ọjọ́ kejì ni wọ́n ká mi mọ́ ìdí ẹ̀wà àgànyìn.

Bọ̀dá Àkànní, ẹ sọ ìyókù. Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ níbí lọ́jọ́sí pé ìgbà tí dókítà fi fọ́tò àyà yín hàn yín lẹ tó jù ú nù.

Àkànní Wẹ́dà:
Ẹ kì í gbàgbé nǹkan níbí yìí. Òótọ́ ni. Ìgbà karùn-ún tí mo sì jù ú nù nìyẹn.

Ọmọ Alájọ:
Àbúrò mi, ìbéèrè tó o fi parí ọ̀rọ̀ rẹ ló gbé ìdáhùn pọ̀n. Jẹ́ kí n bi ọ́. Kí ni kọ́sítọ́mà yẹn ní tí ìwé Kẹ́mísírì rẹ ò ní? Ó ní ọjọ́, Sátidé. Ó ti san àsansílẹ̀. Tó bá di Tọ́sìdeè, á pè ọ́ pé "aṣọ mi ńkọ́?" Tí o ò bá sì rí i rán, ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ ló máa dúró sí, á figbe ta, gbogbo Mọ́kọ́lá á gbọ́. Ìwé rẹ ò dá ọjọ́ fún ọ, kò san kọ́bọ̀, kò sì lẹ́nu tó máa fi pè ọ́. Kì í ṣe pé o fẹ́ràn kọ́sítọ́mà ju ara rẹ lọ. Ẹni tó ń bọ̀ wá gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ ni ò sí.

Alájọ ni ìyá mi. Ọjà Bódìjà ló ti ń gba àjọ, láàárín àwọn aláta. Ẹ̀yin tẹ́ ò mọ̀ ọ́n: oníbàárà kọ̀ọ̀kan ní káàdì tí wọ́n pín sí ojú 31. Iye tó o bá dá lọ́jọ́ kìíní náà ni wàá máa dá títí oṣù fi máa parí, alájọ á máa fàlà sí i. Tí oṣù bá pé, wàá gba owó rẹ, alájọ á yọ ti ọjọ́ kan gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́ tirẹ̀. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo máa ń rò ó pé ìwà òmùgọ̀ ni. Aláta tó ní àpò nídìí, tó mọ owó í kà ju èmi tí mò ń lọ ilé-ìwé lọ, ló tún ń sanwó fún ẹlòmíì kó lè bá a mú owó ara ẹ̀ dání. Mo bi ìyá mi. Ó ní, "Kì í ṣe owó ni mò ń bá wọn mú, ọwọ́ wọn ni."

Àwọn obìnrin yẹn mọ ara wọn. Wọ́n mọ̀ pé tówó bá fi wà nídìí àwọn di ọ̀sán, ọmọ á sunkún, ọ̀rẹ́ á wá yá a, oníṣìmí tuntun á kọjá. Wọn ò dán ara wọn wò. Aago mẹ́wàá àárọ̀ ni ìyá mi máa ń dé ọ̀dọ̀ wọn, kó tó di pé ọkàn bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara ẹ̀ jiyàn. Ẹ máa ń fi alájọ Ṣómólú ṣẹ̀fẹ̀, pé orí ẹ̀ pé débi pé ó ta mọ́tò, ó fi ra kẹ̀kẹ́. Ìyá mi kì í rẹ́rìn-ín sí i. Ó ní kẹ̀kẹ́ ló lè gba àárín àwọn ilé tó fún mọ́ra yẹn, kó sì dé ẹnu ọ̀nà oníbàárà lójoojúmọ́ ayé. Ojoojúmọ́ yẹn ni iṣẹ́ náà.

Nítorí náà, wá alájọ ìwé. Ẹnì kan ṣoṣo. Kì í ṣe ẹni tó máa gbà ọ́ níyànjú o, ìyànjú pọ̀ nígboro bí omi òjò. Ẹni tó máa béèrè pé "tòní dà?" ni mò ń wí.

Ìyá Ìbejì Abẹ́òkúta:
Ẹ má bínú o, èmi ò fara mọ́ ìyẹn. Ẹ ó sọ nǹkan tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe fún èèyàn, ayé á gbọ́, ayé á sì dí i lọ́wọ́. Nígbà tí mo fẹ́ ra ilẹ̀, ẹnì kan péré ni mo sọ fún. Kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn mẹ́rin ti wá yáwó lọ́wọ́ mi. Ọmọ mi, ìsó inú ẹ̀kú ni kó o fi ṣe, àmúmọ́ra. Ọjọ́ tó o bá wọ funfun ni kí wọ́n rí i.

Ẹ̀rín Kèékèé:
Ìyá wa, ẹ pa mí o 😂

Ọmọ Alájọ:
Ìyá, ẹ jàre, àmọ́ ìkéde yàtọ̀ sí ìjíhìn. Ẹni tó gbé e sórí WhatsApp pé nọ́ọ̀sì lòun fẹ́ dà, àwọn èèyàn á ti bá a yọ̀, wọ́n á ti máa pè é ní nọ́ọ̀sì, adùn ẹ̀ á ti tán lẹ́nu rẹ̀ kó tó ṣí ìwé. Mo ti ṣe é rí, mo mọ bó ṣe ń rí. Alájọ kì í kéde. Títí dòní, ìyá mi ò sọ iye tí aláta kan ń dá fún aláta kejì rí, bí wọ́n tilẹ̀ jọ ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà. Ẹni tó lè pa ẹnu mọ́ tó sì lè béèrè ni kó wá.

Ìyá Ìbejì Abẹ́òkúta:
Tó bá rí bẹ́ẹ̀, mo gbà. Àmọ́ kó má ṣe jẹ́ ẹbí.

Àlàájà Ìwó:
Kí n fi tèmi kún un. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sọ pé ẹ ò lè kó ara yín níjàánu, ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ gba ààwẹ̀ Ramadan, ọjọ́ 29 tàbí 30, láìjẹ láìmu láti ìdájí di ìrọ̀lẹ́? Èmi tí ebi kì í jẹ́ kí n dé aago mẹ́sàn-án ní Ṣáwálù, oṣù tó tẹ̀ lé Ramadan, ara mi kì í mì lóṣù ààwẹ̀. Gbogbo ilé ló ń jí sí sààrì. Aago ìṣínu kì í ṣe ọwọ́ mi ló wà. Ẹni tó bá sì fo ọjọ́ kan nítorí àìsàn, á san án padà lẹ́yìn náà, kò ní ní kóun dúró de Ramadan tó ń bọ̀ kóun tún un bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ìwọ aránṣọ, nǹkan tó ò ń ṣe sí ìwé rẹ nìyẹn.

Bàbá Tíṣà:
Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Ìṣirò ni mo fi ọdún 31 kọ́ àwọn ọmọ girama kí n tó fẹ̀yìn tì, torí náà ẹ jẹ́ kí n ṣírò. Ẹrù téèyàn ò bá tíì gbé sórí òṣùwọ̀n, ojú ló máa ń fi wúwo.

Ọmọbìnrin, JAMB tó ń bà ọ́ lẹ́rù, ìbéèrè 180 ni. Èdè Òyìnbó ní 60, àwọn mẹ́ta tó kù ní 40-40. Wákàtí méjì ni wọ́n fún ọ, lórí kọ̀ǹpútà. Pín in: ìṣẹ́jú àáyá 40 fún ìbéèrè kan. Ẹni tó ń fi orí ìdùbúlẹ̀ kàwé lálẹ́ bí ẹni ń ka ìtàn, tí kò wo aago, kì í ṣe ìdánwò yẹn ló ń múra sílẹ̀ fún.

Àmọ́ JAMB kọ́ ló kàn ọ́. Èsì JAMB, ọdún tó o ṣe é nìkan ló wúlò fún. Tó o bá gbà á láìní krẹ́díìtì tó pé, o fi owó rẹ ṣòfò ni. Èsì WAEC kì í bàjẹ́ ní tirẹ̀. Ohun tí wọ́n ń béèrè fún iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni krẹ́díìtì márùn-ún: Èdè Òyìnbó, Ìṣirò, Físíìsì, Kẹ́mísírì àti Bàọ́lọ́jì. C6 ló kéré jù. Nínú ọ̀rọ̀ tó o sọ, méjì ló ṣubú. Méjì péré! O sì ra ìwé tó kún báàgì. Ta ló ní kó o ra báàgì ìwé? Ilé-ẹ̀kọ́ kan wà tó ń gba èsì ìjókòó méjì pa pọ̀, òmíì kì í gbà. Lọ béèrè níbi tó o fẹ́ lọ kó o tó san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ mẹ́sàn-án wá kù. Mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn oníwàásù pé ọjọ́ 21 ni nǹkan fi ń mọ́ èèyàn lára. Dókítà oníṣẹ́ abẹ kan ní Amẹ́ríkà, Maxwell Maltz, tó máa ń tún ojú àti imú èèyàn ṣe, ló kọ ọ́ lọ́dún 1960 pé ó kéré tán, nǹkan bí ọjọ́ 21 ni ojú tuntun fi ń mọ́ àwọn aláìsàn òun lára. Ayé mú 21, wọ́n ju "ó kéré tán" nù. Lọ́dún 2009, Phillippa Lally àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní University College London gbé ìwádìí jáde. Èèyàn 96 ni wọ́n tọpa wọn fún ọjọ́ 84. Kálukú mú ohun kékeré kan, bíi mímu omi, ó sì so ó mọ́ ohun tó ti máa ń ṣe tẹ́lẹ̀, bí àpẹẹrẹ lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀. Ọjọ́ 66 ló bọ́ sí àárín. Ẹni tó yá jù lo 18, ìṣirò wọn sì sọ pé ẹni tó máa pẹ́ jù á lò tó 254. Ìwọ fi ọjọ́ mẹ́sàn-án ṣe é, o ní o ò lè ṣe é.

Ohun kan tún wà nínú ìwádìí yẹn tí mo fẹ́ kó o kọ sára ògiri: ẹni tó fo ọjọ́ kan ṣoṣo, kò pa á lára. Ọjọ́ tó o fò kọ́ ló ń bà á jẹ́. "Kí n dúró di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù" ló ń bà á jẹ́.

Mo ti pinnu fún ọ. Fi òru sílẹ̀. Láàárọ̀, tó o bá ti gbá ṣọ́ọ̀bù tán, kó o tó tan ẹ̀rọ, jókòó sórí àga ìránṣọ rẹ yẹn gan-an, ṣe ìṣirò mẹ́wàá. Bẹ̀rẹ̀ láti ìwé JSS 1, má tijú. Ya fọ́tò ẹ̀, fi ránṣẹ́ sí mi. Èmi kì í ṣe ẹbí rẹ, Ìyá Ìbejì á sì gbà pé mo lè pa ẹnu mọ́. Láti òní lọ, kọ́sítọ́mà rẹ ni mí.

Ìyá Ìbejì Abẹ́òkúta:
Mo gbà. Ohùn àgbà ni.

Nọ́ọ̀sì Òru:
Ìlú Leeds ni mo wà, òru ni mo fi ń ṣiṣẹ́. Kí n sọ̀rọ̀ nípa fóònù, torí ẹ ti fò ó.

Nígbà tí mò ń múra ìdánwò OSCE tí wọ́n ń ṣe fún nọ́ọ̀sì tó bá ti òkè òkun wá, mo fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀kíní. Fóònù mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé mi ní gbogbo ìgbà, mo máa ń ní òun ni mo fi ń wo aago. Ẹ gbọ́, àwọn tó ṣe TikTok san owó gọbọi fún àwọn ọlọ́pọlọ pípé kí ojú yín má lè kúrò níbẹ̀. Ẹ má bá wọn ja ìjàkadì ọkàn, ẹ máa ṣubú. Ẹ sá fún wọn ni. Mo ra aago onítanijí lásán, mo ń ti fóònù mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìdáná ní ìsàlẹ̀, yàrá mi wà lókè. Kì í ṣe pé mi ò lè sọ̀ kalẹ̀. Àmọ́ òtútù ilẹ̀ yìí, èèyàn á rò ó wò kó tó gun àtẹ̀gùn. Ìrònú yẹn ló gbà mí.

Àbúrò, ohun kejì lè má dùn. O ò sọ nǹkan kan nípa iṣẹ́ nọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀, funfun nìkan lo sọ. Lọ wá nọ́ọ̀sì kan ní Ìbàdàn níbẹ̀, bá a jókòó, bi í ní bí alẹ́ ṣe ń rí, bi í ní ohun tó ń fọ̀ lọ́wọ́. Tó bá ṣì wù ọ́ lẹ́yìn ìyẹn, ó ti di tìrẹ. Tí kò bá wù ọ́ mọ́, ìyẹn náà dáa, o ò fi ọdún mẹ́rin míì bú ara rẹ.

Aránṣọ Mọ́kọ́lá:
Ẹ ṣeun, gbogbo yín. Bàbá, mo dúpẹ́ sà, mo ti fi ti àárọ̀ yìí ránṣẹ́. Mẹ́ta ni mo gbà nínú mẹ́wàá, ìwé JSS 1 náà ni o. Ojú tì mí.

Ẹ̀gbọ́n wa ní Leeds, mo lọ. Ẹni tí mo bá sọ̀rọ̀ ní òun ti fọ ohun tó ju ohun tí mo lè rò lọ, síbẹ̀ ó ní òun ò ní fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ lọ ṣe nǹkan míì. Ó ṣì wù mí.

Àmọ́ wàhálà míì dé. Mo ti ń kó owó fọ́ọ̀mù GCE pa mọ́ sínú kólò. Lánàá ni àbúrò ọkọ mi gbé aṣọ ẹbí ìgbéyàwó wá, léèsì àti gèlè. Èmi ni ìyàwó ilé, ẹ̀rín ni mo fi gbà á. Mo ti ń wo kólò yẹn láti àná. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́rùn mi.

Oníléèsì Gbági:
Aṣọ ẹbí ni mò ń tà, kí n má ba ọjà ara mi jẹ́, àmọ́ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún ọ. Tí wọ́n bá gbé léèsì wá fún mi láti ta fún ogójì èèyàn, mo mọ àwọn mẹ́wàá tó máa jẹ gbèsè tori ẹ̀, mo lè nàka sí wọn kí wọ́n tó yọwó. Aránṣọ ni ọ́. Wọ́n máa san owó ìránṣọ fún ẹnì kan, àbí? Lọ bá ìyá ọkọ rẹ, kì í ṣe àbúrò ọkọ o, ìyá gan-an. Kúnlẹ̀, sọ pé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ lo fẹ́ fi ṣe ìyàwó tuntun lóore, pé ìwọ lo máa rán ti ìyàwó àti ti ìyá lọ́fẹ̀ẹ́, gèlè nìkan lo máa rà, wàá lò ó lórí aṣọ tó bá a mu tó o ní. Ẹnu á kùn díẹ̀. Ẹnu tó máa kùn, tó o bá rà á náà, á kùn pé o ò dára tó nínú ẹ̀.

Nǹkan kejì: kólò tó ní kọ́kọ́rọ́ kì í ṣe kólò, àpò ni. Èyí tí wọ́n fi ìṣó kàn pa ni mo mọ̀ ní kólò. Tó bá jẹ́ orí fóònù lo fẹ́, PiggyVest, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2016, ní ibì kan tí wọ́n ń pè ní Safelock: o máa dá ọjọ́, kò sì ní ṣí títí ọjọ́ yẹn fi máa pé, o báà sunkún ẹ̀jẹ̀.

Àkànní Wẹ́dà:
Àǹtí, ní Apẹ̀tẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, kò jìnnà sí yín. Mo máa jó kólò onírin fún yín lọ́fẹ̀ẹ́, tí kò ní ojú míì àfi ibi tówó ń gbà wọlé. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣí i, àfi kẹ́ ẹ gbé e wá bá mi kí n fi iná gé e. Màá sì bi yín ní ohun tẹ́ ẹ fẹ́ fi owó ṣe kí n tó tan iná.

Ẹ̀rín Kèékèé:
Bọ̀dá Àkànní, tẹ́ ẹ bá fi iná gé e, ṣé eérú lẹ máa kó fún wọn ni?

Àkànní Wẹ́dà:
Máṣíìnì tí wọ́n fi ń gé irin ni mo fẹ́ sọ! Ẹ jẹ́ kí èèyàn ṣe oore.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà

Aránṣọ Mọ́kọ́lá:
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo ní kí n wá jábọ̀.

Ọjọ́ 42 ló ti lọ. Mo fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí Bàbá ní ọjọ́ 33, mo fo mẹ́sàn-án. Márùn-ún nínú ẹ̀, ọmọ mi ló ní ibà. Ọjọ́rú ni ara ẹ̀ yá, Ọjọ́rú náà ni mo padà sídìí ẹ̀, mi ò dúró de oṣù tuntun. Ìgbà àkọ́kọ́ rèé láyé mi. Ní gbogbo ìgbà tí mo fò yẹn, Bàbá ò bá mi wí, kò sì wàásù. Ọ̀rọ̀ méjì péré ló máa ń wọlé láago méje ààbọ̀: "Tòní dà?"

Kí n jẹ́wọ́ nǹkan kan. Ọjọ́ kan wà tí kọ́sítọ́mà pọ̀, mo ṣí ẹ̀yìn ìwé, mo kọ àwọn ìdáhùn tó wà níbẹ̀ sílẹ̀, mo fi ránṣẹ́. Mo rò pé mo gbọ́n. Àṣé wọ́n ṣi ìdáhùn ìkeje tẹ̀ lẹ́yìn ìwé, bí mo sì ṣe rí i ni mo ṣe kọ ọ́. Bàbá fèsì pé, "Mo ti mọ àṣìṣe yìí láti ọdún tí ìwé náà jáde. Tún gbogbo ẹ̀ ṣe." Mo tún un ṣe níwájú kọ́sítọ́mà, ó ń wò mí. Torí náà 330 ni ìṣirò tí mo ṣe, mẹ́wàá tí mo tún ṣe yẹn wà nínú ẹ̀.

Fóònù: mo ra fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì, òun ni mò ń gbé lọ sílé. Ńlá ń sùn ní ṣọ́ọ̀bù, nínú dúrọ́ọ̀ ẹ̀rọ. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ń ṣe mí bí ẹni pé mo gbàgbé ọmọ síbì kan. Lálẹ́ ọjọ́ kejì, mo ti wọ bàtà láti padà lọ gbé e, òjò ló dá mi dúró. Ní báyìí, aago mẹ́wàá mo ti sùn. Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé àìsùn wà lára ohun tó ń jẹ́ kí orí mi dí.

Kólò Bọ̀dá Àkànní wà lábẹ́ tábìlì ìgéṣọ, ó wúwo bí ọmọ odó. Ẹ̀ẹ̀kan ni mo ti gbé e dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù wọn. Wọ́n bi mí ní ohun tí mo fẹ́ fi ṣe. Mo dúró, mo wò wọ́n, mo gbé e padà.

Ti aṣọ ẹbí, mo ṣe bí Oníléèsì ṣe wí. Ìyá ọkọ mi gbà, wọ́n tiẹ̀ súre. Àbúrò ọkọ mi ò tíì bá mi sọ̀rọ̀ dáadáa títí di òní. Mi ò mọ bí mo ṣe máa tún ìyẹn ṣe.

Bàbá Tíṣà:
Aránṣọ ò ní sọ fún yín pé mẹ́jọ lòun ń gbà nínú mẹ́wàá báyìí. Kò sì ní sọ fún yín pé òun ò tíì ṣí ìwé Kẹ́mísírì.

Aránṣọ Mọ́kọ́lá:
Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà. Lọ́jọ́ Ajé ni.

Àlàájà Ìwó:
Ọjọ́ Ajé wo? Òní Tọ́sìdeè ńkọ́?

Aránṣọ Mọ́kọ́lá:
Ó dáa, mà. Lóru òní, ojú ìwé méjì. Ẹ jẹ́ kí n sáré báyìí, mo ti gbálẹ̀ tán, aago méje ààbọ̀ ti kọjá, Bàbá sì ti kọ "Tòní dà?" lẹ́ẹ̀mejì.

Bàbá Tíṣà:
Lẹ́ẹ̀mẹta. Òru kọ́, àárọ̀ ni.